Bí mo ṣe ń kọ̀wé sí bàbá tí kò sí nílé

Lẹ́tà tó kẹ́yìn tí bàbá mi kọ sí wa láti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1993. Lẹ́tà búlúù ni, irú èyí tí bébà rẹ̀ náà ni àpò rẹ̀, tí èèyàn kò bá fi sùúrù ṣí i, á ya ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù. Màmá mi fi ọ̀bẹ ìdáná ṣí i. Bàbá béèrè wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ó ní kí n máa gbọ́ràn sí màmá mi lẹ́nu, ó ní tí òtútù bá ti rọlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, òun á pè. Ọmọ ọdún 9 ni mí. Mo lọ bi tíṣà wa pé oṣù wo ni òtútù máa ń rọlẹ̀ nílùú òyìnbó. Ó ní oṣù kẹrin.

Oṣù kẹrin 1994 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé gbèsè màmá mi. Áńkárá ni wọ́n ń tà ní Gbági, níbàdàn, orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó ló sì wà níwájú ìwé náà. Èmi lọ sẹ́yìn, mo ń kọ ọ́ lójoojúmọ́: "Kò tíì pè." "Kò tíì pè." Nígbà tí màmá rí i, mo ti múra ẹgba. Wọn ò nà mí. Ọjọ́ kejì, wọ́n ra ìwé elewé 40 kan bọ̀ látọjà, wọ́n ní, "Èyí ni tìẹ. Má ba ìwé àwọn onígbèsè mi jẹ́ mọ́."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ ọ́. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní tàn ọ́ pé ìwé kíkọ máa ń dá ẹnikẹ́ni padà wálé. Ohun tí mo rí i pé ó ń ṣe ni pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò láyà lọ sórí tábìlì, níbi tí ojú ti lè tó o, tí ọwọ́ sì ti lè wọn gígùn rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí. "O" ni mo máa máa pè ọ́ láti ìhín lọ. Tí o bá dàgbà jù mí lọ, jọ̀ọ́ má bínú. Níwájú díẹ̀ wàá rí ìdí rẹ̀.

1. Kọ́kọ́ sọ irú àìsí tó jẹ́

Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. Òjò rọ̀, ẹ kú òjò. Ẹnìkan jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n á wá kí i kú àráfẹ́rakù, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á bá a sunkún, wọ́n á bá a náwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ wà láàyè ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò pè láti ọdún mẹ́fà, kò sí ìkíni fún un. "Dádì ńkọ́?" ni wọ́n máa bi í. Òun náà á dáhùn pé, "Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí yín." Irọ́ yẹn ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà.

Nítorí náà, ojú ewé àkọ́kọ́, gbólóhùn kan péré, òtítọ́ ibẹ̀. "Bàbá mi wà ní Oǹdó lọ́dọ̀ ìyàwó kejì, ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta ni, kò wá." "Ìyá mi fi mí sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó lọ ṣòwò ní Kọ̀tọ̀nú, mo sì ti gbọ́njú kí n tó mọ̀ pé ìyá àgbà kọ́ ló bí mi." "Inú ilé kan náà ni èmi àti bàbá mi ń gbé, a kì í sọ̀rọ̀."

Wọn ò jọra. Ẹni tó kú ti parí ìrìn àjò tirẹ̀. Ẹni tó lọ lè pè lọ́la, ìrètí yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí egbò san. Èyí tó tún le jù láti sọ ni ti ẹni tí òbí rẹ̀ jápa lọ ṣiṣẹ́, tó ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Owó ilé ìwé ń wọlé, fóònù tuntun dé, ta ni ọmọ fẹ́ sọ fún pé àárò ń sọ òun? Tí tìẹ bá jẹ́ irú èyí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Owó dé. Òun ò dé."

Irú mìíràn wà tí a kì í sábà dárúkọ. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ inú àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà nílùú òyìnbó, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Sussex, ní Essex. Ojú ìwòye tiwa, ọmọ títọ́ nìkan ló jẹ́, bí a ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí tíṣà nílé. Wọ́n ń san owó ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń lọ wò ó tí àyè bá yọ, àyè ò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ. Àwọn ọmọ yẹn ti ń di ìyá àgbà àti bàbá àgbà báyìí. Bí o bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gbólóhùn tìẹ lè má ju èyí lọ: "Wọ́n ń kàwé, èmi ń dàgbà níbòmíràn."

2. Ìwé, bírò, ibi ìpamọ́

Ìwé elewé 40 tó. Má ra èyí tó lẹ́wà, ẹ̀rù á máa bà ọ́ láti bà á jẹ́. Fóònù náà ṣeé lò, bí kò bá sí ọmọ kékeré tó máa ń gbà á ṣe géèmù. Fi pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kà á. Bí o bá ń kọ̀wé tí ọkàn rẹ ń rò ó pé àǹtí á rí i, àǹtí lò ń kọ ọ́ fún.

Èdè tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣẹlẹ̀ ni kí o fi kọ ọ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá tó já sí gẹ̀ẹ́sì láàárín, jẹ́ kó já. Má da ara rẹ láàmú lórí àmì ohùn. (Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà Yorùbá á bínú sí mi.) Bí o bá kọ ọ́ pé "ọkọ lọ" láìfi àmì kankan sí i, ìwọ ṣáà mọ̀ bóyá ọkọ ni àbí ọkọ̀.

3. Ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ mẹ́rin

Èyí kò ti ọ̀dọ̀ mi wá. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, James Pennebaker àti Sandra Beall, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra. Àwọn kan kọ nípa nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn yòókù kọ nípa ohun tó dun wọ́n jù láyé wọn. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn, gbàrà tí wọ́n kọ ọ́ tán ni ọkàn wọn túbọ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀lé e, wọn ò lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì náà tó àwọn tó kọ nǹkan yẹpẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti tẹ̀lé e láti ìgbà náà. Ìwọ̀nba ni àǹfààní tí púpọ̀ nínú wọn rí, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé kó gbìyànjú ọjọ́ mẹ́rin yẹn ná. Bí kò bá ṣe nǹkan kan fún un, ìṣẹ́jú 60 péré ló pàdánù.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo ń yí fóònù sí ìṣẹ́jú 15, mi ò ní gbé bírò sókè títí yóò fi dún, mi ò ní padà lọ pa nǹkan kan rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, mo tún gbólóhùn tó kẹ́yìn kọ títí òmíràn á fi dé. Ọjọ́ kìíní, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì, ohun tó ń fi mí ṣe lónìí: bí mo ṣe máa ń ka iye ìṣẹ́jú tí ọkọ mi fi pẹ́ níta. Ọjọ́ kẹta, àwọn yòókù tó kàn, màmá, àbúrò mi ọkùnrin tí kò tilẹ̀ rántí ojú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, mo máa ń jókòó sórí àga ẹlòmíràn, mo ń kọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni màmá.

Má ṣe é lálẹ́ nígbà tí o fẹ́ sùn. Ọ̀sán dára, kí iṣẹ́ ọwọ́ kan sì wà nílẹ̀ tí wàá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gúsí lèmi máa ń bó. Bí ìrántí kan bá wà tí o mọ̀ pé tí o bá fọwọ́ kàn án yóò gbé ọ ṣubú, fò ó. Kò sí ẹni tó ń máàkì ìwé náà.

4. Ohun tí ojú rí ni kí o kọ

Àwọn ìwé mi àtijọ́ kún fún "inú mi bàjẹ́ gan-an ni." Mo kà wọ́n lẹ́yìn ọdún méje, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kankan níbẹ̀. Inú tó bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé àti inú tó bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, bákan náà ni wọ́n rí lórí bébà. Èyí tí mo kọ lọ́jọ́ kan tí n kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti kọ nípa bàbá rárá nìyí:

"Agbádá sányán kan wà nínú àpótí onírin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá a máa sá a lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọyẹ́, wọ́n á pààrọ̀ káńfọ̀, wọ́n á tún ká a. Wọn ò sọ ẹni tó ni ín, a ò sì bi wọ́n. Lọ́dún tí mo pé 12, eku jẹ ẹ́ lápá òsì. Màmá rán an. Òwú funfun ni wọ́n ní nílé, òun ni wọ́n fi rán an."

Mo ka èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó sunkún. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú màmá mi bàjẹ́. Òwú funfun lórí sányán aláwọ̀ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti ran aṣọ rí mọ ohun tó ń sọ.

Nítorí náà, bí o bá jókòó tí bírò ò lọ, má wá ọkàn rẹ kiri. Wá nǹkan. Bàtà tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fọ́tò tí wọ́n fi sísọ̀ọ̀sì gé apá kan rẹ̀ kúrò, tí ọwọ́ ẹni tí wọ́n gé ṣì wà léjìká ẹni tó kù. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ bàbá: kí lo kọ síbẹ̀? Ìdáná rẹ: nígbà tí alága ìjókòó ní kí o lọ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ kí wọ́n gbàdúrà fún ọ, ta ló jókòó lórí àga yẹn? Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni tèmi. Fìlà wọn ti tóbi jù, wọ́n fi ọwọ́ òsì dì í mú ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún wà lórí mi. Ojú ewé mẹ́rin ni mo rí kọ lórí fìlà yẹn nìkan.

5. "Wọ́n", "ó", "ẹ", "o"

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù, torí pé mi ò rí i nínú ìmọ̀ràn òyìnbó kankan; èdè gẹ̀ẹ́sì ò ní in.

Bí ọmọ Yorùbá bá ń kọ nípa bàbá rẹ̀, bírò á lọ sórí "wọ́n" fúnra rẹ̀. "Wọ́n lọ ní 1991. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀." Ta ni wọ́n? Ó lè jẹ́ bàbá. Ó lè jẹ́ ìjọba. Ó lè jẹ́ àwọn tó ń bá wa gbálẹ̀ àdúgbò. Ọ̀wọ̀ inú "wọ́n" sọ ọkùnrin kan di èrò, èrò ò sì ṣeé mú. Mo kọ "wọ́n" fún ọdún mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "Ó lọ", mo wẹ̀yìn wò, bí ẹni pé màmá dúró sẹ́yìn mi. Ẹni ọdún 24 ni mí, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe: mú ìpínrọ̀ kan tí o ti kọ, má yí nǹkan mìíràn padà nínú rẹ̀, kí o tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, sọ "wọ́n" di "ó". Lẹ́yìn náà, kọjú sí i, kí o sọ ọ́ di "ẹ". Lẹ́yìn náà, "o".

"Ẹ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ní ẹ ń bọ̀. Ẹ fún mi ní náírà márùn-ún."

"O lọ lọ́jọ́ Sátidé. O ní ò ń bọ̀. O fún mi ní náírà márùn-ún."

Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo lè kà á sójú bàbá níwájú ẹbí, wọ́n á sì rò pé mò ń dúpẹ́ náírà márùn-ún. Èkejì, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ kó rò pé ọpẹ́ ni.

N kò ní kí o lọ fi "o" bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Mi ò bá bàbá mi sọ ọ́ rí, mi ò sì ní sọ ọ́. Orí bébà ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bébà ò sì ní ẹ̀gbọ́n tó máa pe ìpàdé ẹbí lé ọ lórí. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì tí mo ti ń kọ "o", mo padà sórí "ẹ" fúnra mi. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo fún un. Àwọn kan wà tí kò ní padà, àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn ò sì ní gbà láti kọ "o" láéláé. Má fipá ṣe é. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ rẹ ò gbà. Ìyẹn náà ti tó ojú ewé kan.

Bó bá jẹ́ ìyá ni kò sí, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé gbogbo ayé ló máa fi "ìyá ni wúrà" lé ọ lọ́wọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà bó ṣe rí fún ẹni tí wúrà tirẹ̀ wà lọ́rùn ẹlòmíràn.

6. Fi ìlà pín ojú ewé sí méjì

Lápá òsì, kọ "mo rí i". Lápá ọ̀tún, "wọ́n ní". Kó gbogbo ohun tí o mọ̀ nípa òbí náà síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ààyè rẹ̀. Lápá "mo rí i" tèmi: báàgì aláwọ̀ ilẹ̀, aago ọwọ́ tó bọ́, tó sì gbàgbé sórí wíndò, náírà márùn-ún. Lápá "wọ́n ní": ó ti fẹ́ òyìnbó. Ẹbí màmá ni kò gbà fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ owó ilé. Ó ti gbé lẹ́tà kan síta ní 1995 tí kò dé.

Nígbà tí mo parí, mo rí i pé orí "wọ́n ní" ni ìbínú mi kọ́lé sí jù. Mi ò ní kí o pa apá ọ̀tún rẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lè jẹ́ òótọ́. Ṣáà mọ èyí tí ojú rẹ tó.

Ẹni tí mo rí i tó ṣe èyí dáadáa ni Àjàyí Crowther. Ní 1821, nígbà tó wà lọ́mọ nǹkan bí ọdún 13, ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Oṣù kejì 1837, nígbà tó wà ní Fourah Bay ní Sàró, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, nípa ọjọ́ náà. Wo bó ṣe kọ ti bàbá rẹ̀: bàbá sáré wọlé wá, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà síbi tí ìjà wà. Ìgbà ìkẹyìn tó fojú kàn án nìyẹn. Ìyẹn ni ó rí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun gbọ́ pé ogun mìíràn ló pa á. Ìyẹn ni wọ́n ní. Kò da méjèèjì pọ̀, kò sì fi ẹkún bò wọ́n.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tó kọ ọ́, nítorí náà má rò pé tìẹ ti pẹ́ jù. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlà, wá a rí ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 ti kọjá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ńlá ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti gbẹ. Ọkùnrin tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, tó wà nídìí bí Bíbélì ṣe di Yorùbá, kò wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri lọ́jọ́ náà. Ọwọ́, ojú, omi.

7. Lẹ́tà

Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé kí àdírẹ́sì wà lókè lápá ọ̀tún, kí a kọ "Bàbá mi ọ̀wọ́n", kí a sọ pé inú wa dùn láti kọ lẹ́tà yìí, pé a lérò pé ara wọn le, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ògo ni fún Ọlọ́run. Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí o bá gbà á láàyè, bébà á kún kí ọ̀rọ̀ tó dé. Gbólóhùn tí ò bá fi parí lẹ́tà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tèmi ni: "Ta ló sọ fún yín pé àbúrò mi ti rìn?"

Lẹ́yìn èyí, kọ èsì rẹ̀. Ìwọ náà ni kí o kọ ọ́, ní ohùn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń tún sọ. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: má kọ ẹ̀bẹ̀ tí o mọ̀ pé kò lè bẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ tí mo kọ dùn bí oyin, ó ń tọrọ àforíjì láti òkè délẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ohùn rẹ̀ tó jáde. Gbólóhùn méjì ni: "Mo fẹ́ pè lọ́dún kìíní. Nígbà tó di ọdún kẹta, kí ni mo fẹ́ sọ?" Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti sá fún ìyá onímótò kan títí ó fi kó kúrò ládùúgbò nítorí gbèsè kékeré, mo mọ bí ojú ṣe ń ti èèyàn títí ìtìjú náà á fi di ilé tó ń gbé.

Fífi ránṣẹ́ wá jẹ́ ọ̀tọ̀. Ní 2016, àbúrò bàbá mi fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Aago kan òru ni mo da gbogbo inú mi sórí WhatsApp, gígùn rẹ̀ pọ̀ débi pé fóònù gé e, ó kọ "ka ìyókù" sí i. Ààmì búlúù méjì yọ lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó tì í di ìdájí. Aago mẹ́jọ àárọ̀, èsì dé: àwòrán òdòdó róòsì pẹ̀lú àdúrà oṣù tuntun, irú èyí tí wọ́n ń pín kiri. Oṣù náà ò tilẹ̀ tíì wọlé.

Láti ìgbà náà, òfin tí mo ṣe fún ara mi nìyí. Lẹ́tà á sùn fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mo máa kà á sókè sétí ẹnìkan tó lè sọ òótọ́ fún mi. Mo máa bi ara mi pé, bí kò bá fèsì láéláé, ṣé màá ṣì fẹ́ kó kà á? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, inú ìwé ló ń gbé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo máa gé e kù sí ìbéèrè kan ṣoṣo. Èyí tí mo padà fi ránṣẹ́ ní 2019 kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ìyá yín?" Ó fèsì sí ìyẹn. Ó tilẹ̀ pè.

8. Oríkì

Ìdí tí mo fi béèrè orúkọ yẹn nìyí. Bí màmá mi bá ń kí mi láàárọ̀, oríkì ilé bàbá ni wọ́n fi ń kí mi. Gbogbo wa ni. Ọkùnrin ti lọ, obìnrin tó lọ fi sílẹ̀ ṣì ń fi ìran rẹ̀ yin ọmọ lórí ìkúnlẹ̀. Lápá kan, ó máa ń bí mi nínú. Lápá kejì, òun nìkan ni ogún tí mo rí gbà.

Kọ èyí tí o mọ̀ sílẹ̀, kí o sì fi àlàfo síbi tí o kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, wá obìnrin àgbà kan nínú ìdílé náà lọ, àbúrò bàbá lóbìnrin tàbí ìyàwó ilé tó ti pẹ́. Má béèrè ibi tí bàbá wà, béèrè oríkì. Ọ̀rọ̀ yòókù á tẹ̀lé e wá, tí o kò bá já lu ọ̀rọ̀ wọn. Gbà á sórí fóònù, kọ ọ́ sílẹ̀ nílé.

Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́, da tìẹ. Oríkì gbogbo, ẹnìkan ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀kan wà nínú tèmi báyìí tí mo fi ń kí ọmọ mi obìnrin: ọmọ a-fòwú-funfun-rán-sányán.

9. Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré lo ń tọ́

Má sọ ohun tí yóò kọ fún un. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n kan ló ń dúró lé mi lórí pé kí n kọ ọ́ pé mò ń ṣe dáadáa nílé ìwé. Ipò kejìdínlógún ni mo ṣe. Jẹ́ kí ọmọ ya àwòrán bí kò bá lè kọ. Má tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe, má sì kà á láìgba àṣẹ. Bó bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún un pé èsì lè má dé. Bó bá fẹ́ síbẹ̀, bá a fi ránṣẹ́. Kò gbọdọ̀ gbọ́ pé "ẹ̀mí ìbínú" ló ń bá òun jà nítorí pé ó kọ òótọ́.

10. Ìgbà tó yẹ kí o gbé bírò sílẹ̀

Bí o bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìyí padà, tó sì ń wọ̀ ọ́ lára sí i, sinmi. Bí o kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wọlé, tàbí tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pé kí o pa ara rẹ, pa ìwé dé, kí o sì wá ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an: ẹnìkan nílé, lẹ́yìn náà dókítà. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú ọkàn láti 1954, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò níbẹ̀ tí àwọn aláìsàn fi ń gbé láàárín ẹbí àti ará abúlé. UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì n'Íbàdàn, náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀, òun náà kò tíì débẹ̀.

Ìwé tó bá kún ńkọ́? Má jó o kí ọdún kan tó pé; mo jó ti 2003, mo sì ń wá gbólóhùn kan nínú rẹ̀ títí dòní. Kọ ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o parí sẹ́yìn rẹ̀, kí o sọ fún ẹnìkan ibi tó wà àti ohun tí o fẹ́ kí wọ́n fi ṣe bí o kò bá sí. Bó bá sì jẹ́ pé o ti pinnu láti jó o, kọ́kọ́ ya èèpo rẹ̀ kúrò. Ọ̀rá ni wọ́n fi bò ó, èéfín rẹ̀ ò dáa, gbogbo àdúgbò ló sì máa wá béèrè ohun tí ò ń sun.